Ìyá Àgbà Inú Fíríìjì

Ọmọbìnrin mi, Jọlá, mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ìlú òyìnbó tí a ń gbé yìí ni, níbi tí ẹ̀rọ kan tí kò ju rédíò alábátìrì lọ ti ń ka kòkòrò àrùn bí ẹní ń ka ìwé. Ó ní lẹ́tà àbùdá tó wà nínú kòkòrò kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta, àti pé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ̀rọ náà á ti kà á tán, á sì ti sọ oògùn tí kòkòrò náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lé sẹ́yìn. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ jókòó, wọ́n ń jiyàn. Ọ̀kan ní kí wọ́n máa ka gbogbo kòkòrò tó bá wọ ọsibítù. Èkejì ní kí ni kíkà máa ṣe fún aláìsàn tí kò rí oògùn tòótọ́ rà. Ni obìnrin tó jókòó sáàárín bá yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é nígbà tiyín, n'Ìbàdàn?"

Mo ní, "Pafọrétọ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Kì í ṣe àwàdà. Lọ́dún 1997, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Agbowó, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì. Ìyáàfin Láwùmí ló ni ín. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní nǹkan mìíràn ju Màmá lọ. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀, àti fíríìjì kan tó dàgbà jù mí lọ.

Iṣẹ́ wa ni ká mọ oògùn tó lè pa kòkòrò tó wà lára aláìsàn. A ó mú ọyún tàbí ìtọ̀ rẹ̀, a ó fi pa ojú abọ́ pẹlẹbẹ kan tí a ti da oúnjẹ kòkòrò sí, tó ti dì bí ẹ̀kọ tútù. Lẹ́yìn náà, a ó to bébà róbótó róbótó tí a ti rẹ sínú oògùn sórí rẹ̀, oògùn kan, bébà kan. A ó gbé abọ́ náà sínú àpótí ooru di ọjọ́ kejì. Bí kòkòrò bá bẹ̀rù oògùn kan, kò ní í hù súnmọ́ bébà rẹ̀. Àyíká bébà náà á mọ́ kedere, bí ìgbà tí òṣùpá bá fi òrùka yí ara rẹ̀ ká. Bí kò bá bẹ̀rù, á hù títí dé ẹnu bébà, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nígbà kan, òkè òkun ni bébà yẹn ti ń wá nínú ike. Nígbà tí náírà ṣubú tí ọjà òkèèrè wọ́n, ike náà kò wá mọ́. Màmá kò torí ìyẹn tilẹ̀kùn. Wọ́n gbé pafọrétọ̀ tí a fi ń luhò sí fáìlì, wọ́n fi lu bébà tí a fi ń sẹ́ omi, róbótó róbótó tó já bọ́ sílẹ̀ sì di bébà wa. A ó yan án nínú ààrò kékeré, a ó wọn oògùn, a ó tú u sínú omi mímọ́, a ó sì kán an sórí bébà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òyìnbó ò gbọ́n jù wá lọ," ni Màmá máa ń wí. "Ike ni wọ́n fi jù wá."

Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Nínú fíríìjì yẹn, nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi òwú dí lẹ́nu, kòkòrò kan wà tí Màmá gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan nígbà tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Ọ̀lẹ paraku ni kòkòrò náà. Kò sí oògùn tí kì í bẹ̀rù. Ó ti pẹ́ nínú ìgò, kò jà rí, kò kọ́ ìjà. Ìyá Àgbà la ń pè é. Gbogbo Mọ́ńdè la máa ń fún un lóúnjẹ tuntun. Ìgbàkígbà tí a bá ṣe bébà tuntun, a kò gbọdọ̀ lò ó fún aláìsàn kankan àfi tó bá kọ́kọ́ lọ kí Ìyá Àgbà. Bí Ìyá Àgbà bá sá fún un, oògùn tòótọ́ ni. Bí Ìyá Àgbà bá jókòó tì í, a jẹ́ pé oògùn náà ló lẹ́jọ́, kì í ṣe kòkòrò.

"Ó ti kí Ìyá Àgbà?" Bí mo bá gbé bébà kọjá, ohun tí Màmá máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, kí wọ́n tó dáhùn "ẹ káàárọ̀, mà" tí mo kí wọn.

Ilé tí mo ń gbé ní Agbowó, yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra wọn, bálùwẹ̀ kan, kànga kan. Yàrá ẹnu ọ̀nà ni ti Nimotallahi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Àlíù, tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá. Aránṣọ ni Nimotallahi. Nímọ̀ ni gbogbo ilé ń pè é, kò sì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ àdúgbò wa lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kan tó gbé sí fàráǹdà. Ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ.

"Bọ̀dá Gbádérọ̀," á ní, "ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìtọ̀ onítọ̀ jẹun, ṣé ẹ ti fọwọ́ kí ẹ tó wá bọ̀ mí lọ́wọ́?"

"Nímọ̀, mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Ẹ lọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Aṣọ funfun ni mo gbé lọ́wọ́."

Nínú ọyẹ́ ọdún yẹn ni ọ̀kadà gbé e ṣubú ní Bódìjà. Egungun ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ là, awọ ya. Wọ́n tò ó, wọ́n dì í, ṣùgbọ́n egbò náà kò jiná. Nímọ̀ ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe nínú ilé yẹn: ó ra kápúsù pupa-òun-yẹ́lò lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta nǹkan wẹ́wẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tú u, ó bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò bí ẹní ń bu àtíkè. Á gbé méjì mì láàárọ̀. Bí ara bá fúyẹ́, á dáwọ́ dúró. Bó bá tún wú, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rí i. Èmi tí mo mọ̀ jù wọ́n lọ, mo rí i, mo ní, "Nímọ̀, ìyẹn ò dáa o," mo sì bá tèmi lọ. Èmi náà kúkú máa ń gbé méjì mì tí inú bá ti ń run mí.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ọyún ti dé inú egungun, òórùn rẹ̀ ti ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà Akíndúró ló ń wẹ egbò náà fún un, ní ọsibítù kékeré tó dá sílẹ̀ ní Ring Road. Ó sọ fún Àlíù pé àfi kí wọ́n mú ọyún náà lọ fún àyẹ̀wò. Bí a bá rí oògùn kan ṣoṣo tó lè pa kòkòrò náà, òun á ha egungun, òun á sì máa fún un lábẹ́rẹ́. Bí a kò bá rí, òun á gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún kí àrùn tó gun ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé ọyún náà wá.

Màmá kò sí nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ń ṣàìsàn ní Abẹ́òkúta, wọ́n lọ tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí n dé Dùgbẹ̀, lọ́dọ̀ apòògùn kan tí wọ́n ti ń bá ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, kí n ra oògùn mẹ́ta tí bébà wọn ti tán. Lọ́jọ́ Sátidé, mo sin ìyá mi lọ sí gáréèjì Ìwó Road, wọ́n ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ gba ibẹ̀ lọ sí Dùgbẹ̀. Ọ̀wọ́n epo wà. Ẹni tó bá rántí ìgbà náà á rántí ìlà mọ́tò tó máa ń ti ilé epo kan dé òmíràn. Mo dúró títí oòrùn fi wọ̀ mí lágbárí. Kò sí tasí, kò sí bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó to oògùn sínú tíréè bí ẹní to súìtì. Oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Páálí wọn ń dán, ọjọ́ tí wọ́n máa bàjẹ́ ṣì jìnnà, wọ́n sì fi lẹ́tà aláwọ̀ góòlù kọ orúkọ sí wọn lára. Mo rà á, mo fẹsẹ̀ rìn wálé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ṣe bébà, ọjọ́ kejì ló tó gbẹ. Ó yẹ kó kí Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n ọyún Nímọ̀ ti dé, kòkòrò rẹ̀ sì hù lọ́jọ́ kejì bí èèhù àgbàdo lẹ́yìn òjò. Àlíù wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà mú lọ́wọ́.

"Gbádérọ̀, àbúrò mi ò sùn láti àná. Ìgbà wo lo máa parí ẹ̀?"

"Ọ̀la, ẹ̀gbọ́n."

Bí mo bá jẹ́ kí bébà náà kọ́kọ́ kí Ìyá Àgbà, ọ̀túnla ni ìbá jẹ́. Mo wo ojú Àlíù. Mo ní lọ́kàn ara mi pé oògùn ni oògùn ń jẹ́, páálí rẹ̀ ṣáà wà ní dídì nígbà tí mo rà á. Mo to bébà mẹ́jọ sórí kòkòrò Nímọ̀: márùn-ún àtijọ́, mẹ́ta tuntun.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, kòkòrò náà ti hù dé ẹnu bébà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kò sí òrùka kankan. Mo wò ó lápá òsì, mo wò ó lápá ọ̀tún, mo gbé e sókè sí fèrèsé. Mo mú ìwé èsì, mo sì kọ ọ́ síwájú orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́jọ: kò ràn án. Mo buwọ́ lù ú. Màmá ló máa ń buwọ́ lùwé, ṣùgbọ́n Màmá ò sí.

Àlíù gbé ìwé náà lọ sí Ring Road. Dókítà kà á, ó ní Jímọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni òun máa gé ẹsẹ̀ náà.

Màmá dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Kí wọ́n tó sọ àpò kúrò léjìká, wọ́n ti ṣí ìwé ńlá tí a ń kọ èsì sí.

"Mẹ́jọ?" wọ́n ní. "Gbádérọ̀. Mẹ́jọ nínú mẹ́jọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kòkòrò wo nìyẹn? Ṣé ó lọ sí yunifásítì ni?"

"Ó le gan-an, mà. Kápúsù ló ń bù sí i látọjọ́ yìí."

"Márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn, mo gbà. Àwa la kọ́ ọ níjà. Ẹni tí wọ́n ń nà díẹ̀díẹ̀ tí wọn ò nà pa, á gbọ́n ju ẹni tó ń nà án. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ẹ̀yìn yìí, ta ló ń lò wọ́n ní Agbowó? Níbo ló ti mọ̀ wọ́n?" Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Bébà tuntun nìyẹn. Ó kí Ìyá Àgbà?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu lákòókò yẹn. N kò jókòó pinnu pé mo fẹ́ purọ́. Ẹnu mi ló yá jù mí lọ.

"Ó kí i, mà."

Màmá gbé awò ojú wọn wọ̀ padà. "Ó dáa," wọ́n ní. Wọ́n lọ tú àpò wọn.

Mo kúrò níbi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ní fàráǹdà ilé wa, Nímọ̀ jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí àpótí, báńdéèjì wé e gìdìgbà. Ó ti ti ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lè dé ojú pẹ́dà. Àkísà kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Á tẹ pẹ́dà, ẹ̀rọ á sáré síwájú, á yí padà sẹ́yìn, òwú á já. Á tún kì í bọ ojú abẹ́rẹ́, á tún tẹ̀ ẹ́.

"Kí lò ń ṣe, Nímọ̀?"

"Mò ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ tuntun." Ó fọwọ́ gbá itan rẹ̀ òsì. "Èyí ò mọṣẹ́ rárá. Látọjọ́ tó ti ń wo ẹnìkejì ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kò kọ́ nǹkan kan. Ọ̀lẹ."

Mo tẹjú mọ́ báńdéèjì náà.

"Ẹ má wò mí báyẹn, Bọ̀dá. Yunifọ́ọ̀mù méjìdínlógún ló wà nílẹ̀, wọ́n á sì wọlé ìwé lẹ́yìn Iléyá. Ṣé àwọn ọmọ á wá máa rìn níhòòhò nítorí wọ́n gé aránṣọ lẹ́sẹ̀?" Ó tún tẹ pẹ́dà. Òwú já. Nígbà yẹn ló bo ojú mọ́ inú àkísà náà, èjìká rẹ̀ wá ń mì. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ fi kòkòrò síbẹ̀," ó sọ ọ́ láti inú aṣọ. "Ìwé yín kàn sọ òótọ́ ni."

Mo yí padà. N kò tilẹ̀ wọ yàrá mi. Mo sáré padà sí ilé àyẹ̀wò, Màmá ti lọ. Mo gbé Ìyá Àgbà jáde, mo fi pa ojú abọ́ tuntun kan, mo to bébà mẹ́ta náà lé e. Aago márùn-ún ń lù lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni dókítà wí. Àkókò tó wà láàárín tó fún kòkòrò láti hù, bí ooru bá wà. Mo fọwọ́ kan àpótí ooru: ó tutù. Nẹ́pà ti mú iná lọ láti ọ̀sán, kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyí, kí àwọn ọ̀gá Jọlá má sì rẹ́rìn-ín. Mo fi ṣẹlotéèpù di abọ́ náà lẹ́nu yíká, mo fi áńkáṣíìfù mímọ́ wé e, mo so ó mọ́ ikùn mi lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo sì fẹ̀yìn lélẹ̀ láìyíra padà títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ooru tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn tó ti ara ènìyàn. Ibẹ̀ kúkú ni ilé wọn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn lọ jẹ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo fẹ́ kó dá mi lójú ni. Bí bébà náà bá dáa, irọ́ tí mo pa kò ní í ṣe nǹkan kan, kò sì ní í sẹ́ni tó máa mọ̀. Èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí bàbá mi jẹ́ díákónì, ohun tí mo dùbúlẹ̀ tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni pé kí oògùn náà jẹ́ oògùn gidi, kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kí n má baà jẹ̀bi. Mo ti gbàdúrà púpọ̀ láyé. Kò sí èyí tó ń dójú tì mí tó ìyẹn.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ, mo tú abọ́ náà níwájú fèrèsé. Ìyá Àgbà, ọ̀lẹ tí kò jà rí, ti hù dé ẹnu bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jókòó tì wọ́n pẹ̀sẹ̀. Bóyá ẹfun ni mo kán sórí bébà, bóyá ìyẹ̀fun gbágùúdá, Ọlọ́run ló mọ̀. Kì í ṣe oògùn.

Màmá wọlé bá mi lórí ìdúró. Mo fi abọ́ náà hàn wọ́n, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, Ìwó Road, tíréè, irọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n fọwọ́ kan ìdí abọ́ náà.

"Ó gbóná," wọ́n ní. "Níbo lo gbé e sí mọ́jú?"

"Ikùn mi, mà."

"Ikùn ẹ." Wọ́n mirí. "Ikùn ẹ gbọ́n ju ẹnu ẹ lọ. Wọ bàtà. À ń lọ sí Ring Road."

Ọkọ̀ búrẹ́dì ló gbé wa. A jókòó sáàárín búrẹ́dì gbígbóná láti Agbowó dé Mọ́kọ́lá, láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀. Ní Dùgbẹ̀, Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọ ọ̀dọ̀ apòògùn wọn, awakọ̀ ń fun fèrè, wọ́n jáde pẹ̀lú oògùn mẹ́ta nínú àpò bébà. Nígbà tí a fi máa dé ọsibítù, aago mẹ́wàá ku díẹ̀. Dókítà Akíndúró ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ. Nímọ̀ ti wà lórí ibùsùn onítáyà, Àlíù dúró tì í, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

"Dókítà," Màmá ní, "ẹ dáwọ́ dúró. Ìwé tí ẹ gbà lọ́dọ̀ mi, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jóòótọ́."

"Báwo, Màmá? Ìwé yẹn ni mo dì mú tí mo fi pe ẹni tó máa kùn ún lóorun."

"Mẹ́ta nínú oògùn tí a fi dán an wò kì í ṣe oògùn. Kòkòrò yẹn ò ṣẹ́gun wọn. Wọn ò tíì pàdé rárá."

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé oògùn gidi máa pa á?"

"Rárá. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ò mọ̀."

"A ò mọ̀." Dókítà tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan kíkan wò. "Màmá, ẹsẹ̀ yìí ń jẹrà. Bó bá gun ẹ̀jẹ̀ lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ la ó máa sọ mọ́. Ẹ wá fẹ́ kí n dúró de 'a ò mọ̀'?"

"Ẹ dúró dè é títí di ọ̀la ọ̀sán. Oògùn tòótọ́ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Orúkọ mi ló wà lókè ìwé yẹn, kì í ṣe ti ọmọ iṣẹ́ mi. Bí nǹkan bá ṣe é, èmi ni kí ẹ mú."

Mò ń gbọ́.

Dókítà fọwọ́ kan Nímọ̀ níwájú orí, ó wo ìwé tí wọ́n fi ń wọn ibà rẹ̀, ó tún wò ó. "Ara ẹ̀ ò gbóná ju tàná lọ," ó ní. "Ọ̀la, aago kan. Bó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún lé, mo ti mú ọ̀bẹ."

Àlíù yí sí mi. "Gbádérọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Dá a lóhùn," ni Màmá wí fún mi.

Mo ní, "Èsì yẹn ni ò fi bẹ́ẹ̀ hàn dáadáa, ẹ̀gbọ́n. A fẹ́ tún un ṣe." Màmá yíjú kúrò lára mi.

Àlíù fa epo nínú mọ́tò oníbàárà rẹ̀ kan fún jẹnẹrétọ̀ wa. Mo gbà pé ó tọrọ rẹ̀. Abọ́ méjì la gbé sínú àpótí ooru lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbà nínú ọ̀kan, kòkòrò Nímọ̀ nínú èkejì, bébà mẹ́ta tuntun tí a fi oògùn Dùgbẹ̀ ṣe lórí àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbé wọn sílẹ̀ lójú fèrèsé. Ìyá Àgbà ti sá fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí adìyẹ tó rí àṣá. Ti Nímọ̀ jókòó ti àkọ́kọ́. Ó jókòó ti èkejì. Ṣùgbọ́n ó ti fi àyè sílẹ̀ yí ẹ̀kẹta ká, àyè mímọ́ kan tó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ ayé àtijọ́.

Màmá kọ èsì náà fúnra wọn. Méje, kò ràn án. Ọ̀kan, ó ràn án. Wọ́n na kálámù sí mi.

"Buwọ́ lù ú. Èyí ti kí Ìyá Àgbà."

Wọ́n ha egungun náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Nímọ̀ fi gba abẹ́rẹ́, ó ní ibi tí òun ń fi jókòó ti dà bí ìdí asẹ́. Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà. Ó wọ́ díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tì í, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni, ó sì ń tẹ pẹ́dà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, Àlíù ní àwọn máa ṣe sàráà.

Àgbàlá kún. Wọ́n pín mọ́ínmọ́ín, wọ́n pín máṣà. Àlùfáà àdúgbò jókòó sórí ẹní, ó ń ṣàdúrà lọ títí ó fi kàn mí. Ó ní, "Gbádérọ̀ yìí, tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, tó gba ẹsẹ̀ ọmọ Mùsùlùmí là, Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ tirẹ̀ yẹ̀."

Gbogbo ilé ní, "Àmín."

Èmi nìkan ni kò ṣàmín. Wọ́n ń wò mí. Mo gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín mi sílẹ̀, mo sì sọ ọ́, níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní ìwé tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà, èmi ni mo kọ ọ́, n kò sì dán oògùn náà wò. Mo ní Màmá bi mí, mo purọ́.

Àlùfáà ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àlíù wo ilẹ̀. Nímọ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ọjọ́bọ̀ yẹn. Nígbà tí mo ń sunkún sínú àkísà, tí mo ní ìwé yín kàn sọ òótọ́ ni. Ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti ń fura, Nímọ̀."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọlé.

Láti ọjọ́ náà, fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀, kò kí mi. Inú ilé kan náà la jọ wà. Á kí onílé, á kí ayálégbé, á kí ẹni tó kàn wá pọn omi. Tó bá kàn mí, á wo ògiri. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màmá, wọ́n ní, "Ohun tó tọ́ sí ẹ ni. Jẹ́ kó kí ẹ nígbà tó bá wù ú. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, kì í ṣe tìẹ."

Lọ́dún 1998 ni ìwé ìrìnnà mi jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, mò ń di ẹrù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ju nǹkan sórí àpótí mi. Ẹ̀wù ni, aláwọ̀ eérú, ọrùn rẹ̀ le dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo yí i síta. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi ikùn, ó ti rán àpò kan mọ́ ọn, róbótó, ó fi aṣọ òtútù tẹ́ inú rẹ̀. Mo fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ó bá abọ́ wa mu géérégé. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó ní láti jẹ́ Màmá.

"Nímọ̀..."

"Ẹ má dúpẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ buwọ́ lu ìwé ẹnikẹ́ni níbi tí ẹ ń lọ yẹn, òun ni kí ẹ wọ̀." Ó ti yí padà kó tó dúró, ó di ọ̀pá mú. Kò wo ògiri.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Gbádérọ̀," ó ní.

Mo fi ọdún mọ́kànlélógún ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò níbí. Màmá ti kú. Wọ́n ní wọ́n ti ti ilé àyẹ̀wò náà pa, n kò sì mọ ẹni tó jogún fíríìjì yẹn, tàbí bóyá ẹnikẹ́ni rántí fún Ìyá Àgbà lóúnjẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí yìnyín bo ojú wíńdò, ibẹ̀ lọkàn mi máa ń lọ.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá Jọlá rẹ́rìn-ín tán, mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan. Mo ní, "Ẹ̀rọ yín yìí, kó tó ka kòkòrò aláìsàn, ta ló máa ń kọ́kọ́ kí?"

Jọlá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ó ti gbọ́ ìtàn náà láti kékeré. Ẹ̀rín obìnrin àárín tán. Ó ní kòkòrò kan wà tí àwọn mọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀, òun ni àwọn máa ń kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ kà nígbàkígbà tí kẹ́míkà tuntun tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ bá dé, kí ó lè dá àwọn lójú pé ẹ̀rọ kò purọ́. Mo bèèrè orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi ń pè é.

Mo mi orí. Mo fọwọ́ kan ikùn mi lábẹ́ kóòtù. Ẹ̀wù náà ti há mọ́ mi, bọ́tìnnì méjì kò dé ara wọn mọ́, ṣùgbọ́n òwú tí Nímọ̀ fi rán àpò yẹn kò tíì já.